Oje igi kajú àti máńgòrò bà mí lára. Ó lọ, ó tún padà. Kí ló fà á?

Alágbàlá

Ẹ kú àkókò yìí o, ẹ̀yin ará. Mo gé àwọn ẹ̀ka tó ti gbó jù lára igi kajú kan àti igi máńgòrò kan tí wọ́n dúró ti ara wọn. Ayùn ọwọ́ ni mo lò, n kò wọ ìbọ̀wọ́, apá aṣọ mi sì kúrú. Ní ọjọ́ náà, kò sí ohun tó ṣe mí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni apá bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, nígbà tí yóò sì fi di òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ó ti pọ́n, ó ti lé ròrò láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ìpéǹpéjú mi kan sì wú débi pé agbára káká ni mo fi ń là á. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó gbẹ.

Ohun tó gbé mi wá síbí ni pé, lẹ́yìn tí ara mi ti yá tán, ó tún sú ní ọrùn ọwọ́ òsì nìkan, bẹ́ẹ̀ n kò tún súnmọ́ igi kankan láti ìgbà náà. Láti kékeré ni mo ti ń jẹ máńgòrò àti kajú, wọn kò sì bá mi jà rí. Ṣé igi náà ni, àbí nǹkan mìíràn? Ṣé kí n ṣíwọ́ jíjẹ èso wọn ni?

Onígi-Àgbà

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọmọ ìdílé kan náà ni igi méjèèjì tí ẹ dárúkọ. Anacardiaceae ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pe ìdílé náà, ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní ìdílé kajú. Irú igi tó wà nínú rẹ̀ lé ní 800. Ìyeyè wà níbẹ̀, pistachio tí wọ́n ń jẹ ọmọ inú kóró rẹ̀ wà níbẹ̀, marula ti gúúsù Áfíríkà wà níbẹ̀, sumac tí wọ́n ń lọ èso pupa rẹ̀ sínú oúnjẹ kí ó lè kan díẹ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni igi tí àwọn ará Ṣáínà àti Japan ń gba oje rẹ̀ láti fi kun àwo àti àpótí kí ó lè máa dán.

Ẹni tó bá ń wo èso wọn nìkan kò ní gbà pé ẹbí ni wọ́n. Inú èèpo ni kí ẹ wò. Nínú èèpo ẹ̀ka, nínú ewé, àti nínú èèpo èso lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn ihò tín-ín-rín kan wà tí oje ń gbà kọjá. Bí oje náà bá kọ́kọ́ jáde, ó lè mọ́ gaara tàbí kí ó funfun bí wàrà, ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i, á kọ́kọ́ rí rúsúrúsú, á sì di dúdú. Inú oje yìí ni òróró tó ń fa ìyọnu wà. Lára poison ivy, poison oak àti poison sumac, àwọn ìtàkùn àti igi Amẹ́ríkà tí oje wọn ń mú ara yún, àti lára igi tí wọ́n fi ń kun àwo ní Japan, urushiol ni wọ́n ń pè é. Ara urushi, orúkọ tí àwọn ará Japan ń pe oje náà, ni wọ́n ti fa orúkọ yìí yọ. Ti kajú ni anacardic acid àti cardol, inú èèpo kóró rẹ̀ ni wọ́n sì pọ̀ sí jù. Ti máńgòrò wà nínú oje tó máa ń ta jáde níbi tí èso ti já kúrò lára igi, ó sì wà nínú èèpo èso náà. Wọn kì í ṣe ohun kan náà gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ara tó ti bá ọ̀kan jà rí fi lè rí èkejì kí ó rò pé ọ̀tá àná ló tún dé.

Nítorí náà, oje ni ẹ máa ṣọ́ra fún. Ó ṣeé ṣe kí ẹ jẹ máńgòrò fún ogún ọdún láìsí wàhálà, kí ó sì jẹ́ pé ọjọ́ tí ẹ bá fi ayùn gé ẹ̀ka rẹ̀ ni ẹ máa tó mọ irú ẹni tó jẹ́.

Ìyá Nọ́ọ̀sì

Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún ti Onígi-Àgbà, nítorí pé ibi ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta tí ẹ sọ yẹn ló jẹ́ kí n dá a mọ̀. Òróró yìí kì í sun awọ ara ẹni bí iná. Ńṣe ló máa ń wọnú awọ lọ, tí ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ àwọn èròjà tó wà níbẹ̀, tí àwọn ọmọ ogun ara yóò fi rí awọ ara wọn bí àjèjì, wọn á sì gbógun tì í. Ogun náà kì í yára bẹ̀rẹ̀. Lára ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ òróró náà tẹ́lẹ̀, ó sábà máa ń gba láàárín wákàtí 12 sí 72 kí ó tó hàn. Lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi máa ń dá ohun tí wọ́n jẹ ní òwúrọ̀ lẹ́bi, nígbà tó jẹ́ pé igi tí wọ́n gé ní ijẹta ló jẹ̀bi.

Omi inú ìléròrò náà kì í ràn. Bí ó bá fọ́, kò lè gbé e lọ sí ibòmíràn lára yín, kò sì lè gbé e fún ọmọ yín. Bí ẹ bá rí i tó ń jáde níbi tuntun lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó lè jẹ́ pé òróró tó kan ibẹ̀ kéré, tàbí pé awọ ibẹ̀ nípọn, ni kò jẹ́ kí ó tètè hàn. Ó sì lè jẹ́ pé òróró ṣì wà lára nǹkan kan tí ẹ ń fọwọ́ kàn. Èyí tí ẹ sọ yìí, tó jẹ́ ọrùn ọwọ́ òsì nìkan, èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni mo fura sí. Kí ni ẹ máa ń wọ̀ sí ọwọ́ òsì?

Ní ti ìtọ́jú, ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ rì bọ omi tútù lé e, ẹ fi calamine, oògùn olómi tí a ń fi pa ara tó ń yún, tàbí ìpara hydrocortisone tó rọra sí i bí ó bá mọ níwọ̀n, kí ẹ sì jìnnà sí fífi èékánná họ ọ́, nítorí pé ibi tí a họ ni kòkòrò àrùn máa ń gbà wọlé. Bí ó bá dé ojú, ẹnu tàbí ojú ara, tí ó bá gba apá púpọ̀ lára, tí ó ń ṣọyún tàbí tí ibà bá tẹ̀ lé e, ẹ lọ rí dókítà. Ó lè fún yín ní oògùn steroid oníhóró, èyí tó ń mú kí wíwú lọ sílẹ̀. Bí ó bá fún yín, ẹ lò ó pé ọjọ́ tó dá fún yín, torí pé mo ti rí àwọn tó dá a dúró ní ọjọ́ kẹrin nígbà tí ara tù wọ́n, tí gbogbo rẹ̀ sì tún yọ padà bí ẹni pé wọn kò lo nǹkan kan. Ìpéǹpéjú tó wú tí ẹ kò lè là dáadáa yẹn, ó yẹ kí dókítà ti rí i nígbà náà.

Baba Tìjàní

Ní tiwa, epo bẹntiróò ni a fi ń nu oje kajú kúrò lọ́wọ́, ó sì máa ń lọ kíá. Àwọn ẹ̀ka tí ẹ gé náà, ẹ dáná sun wọ́n kí ohun gbogbo lè parí.

Ìyá Nọ́ọ̀sì

Baba, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n n kò lè jẹ́ kí méjèèjì yẹn kọjá bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé bẹntiróò ń tú òróró. Ó ń tú ọ̀rá tó wà nínú awọ ara náà pẹ̀lú, awọ tí a ti bó ọ̀rá rẹ̀ sì kò ní ohun tí yóò fi dí ọ̀nà mọ́ fún èyí tó kù. Omi tútù tàbí omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ púpọ̀, irú èyí tí a fi ń fọ àwo tó ní ọ̀rá, ni kí ẹ lò. Kí ẹ sì yára. Urushiol kì í pẹ́ kí ó tó wọ awọ ara, láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 30 ni fífọ̀ wúlò jù. Ẹ fi kàn-ìn-kàn-ìn tó rọ̀ gbo ó dáadáa, kí ẹ ṣan án nù, kí ẹ tún gbo ó lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, nítorí òróró tí a kàn fi omi tẹ́ kiri yóò kàn fẹ̀ sí i ni. Ẹ má gbàgbé abẹ́ èékánná.

Ti iná yẹn ló wá burú jù. Òróró náà máa ń bá èéfín lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́ tó bá fa irú èéfín bẹ́ẹ̀, inú ọ̀nà ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró ni yóò ti wú, ìyẹn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpara mọ́. Àwọn ẹ̀ka poison ivy àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan iná rárá. Ẹ kó ẹ̀ka kajú àti ti máńgòrò náà sí ibì kan kí wọ́n jẹrà fúnra wọn.

Baba Tìjàní

Mo ti gbọ́, ọmọ mi. Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yín. Bí ọwọ́ mi ṣe máa ń bó nígbà náà, n kò tiẹ̀ rò pé bẹntiróò ló ń ṣe é.

Olóko-Kajú

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti kóró kajú, nítorí mo ti jẹ ìyà rẹ̀. Mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí mo fi eyín fọ́ kóró tútù kan, tí mo rò pé bí ẹ̀pà ni. Omi dúdú kan tó ki bí oyin ta sí mi ní ètè. Kò dùn mí ní kíákíá. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ètè mi ti wú, awọ ibẹ̀ sì bó bí ìgbà tí ẹnìkan fi irin gbígbóná kàn án. Àmì dúdú ibi tí omi náà ṣàn gbà dé àgbọ̀n mi wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ohun tí a ń pè ní èso kajú, èyí tó pọ́n tàbí tó pupa tí omi rẹ̀ pọ̀, kì í ṣe èso rẹ̀ ní ti gidi. Ìdí òdòdó ló wú. Èso gan-an ni kóró tó so rọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tó rí bí kíndìnrín. Ẹ la kóró tútù sí méjì pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, ẹ ó rí i pé èèpo rẹ̀ jẹ́ ìpele méjì, pé àárín ìpele méjèèjì sì dà bí afárá oyin, gbogbo ojúlé afárá náà ló kún fún òróró. Nǹkan bí ìdámẹ́rin ìwọ̀n èèpo náà ni òróró yìí lè jẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kì í dà á nù, wọ́n ń lò ó nínú ọ̀dà àti nínú bíréèkì ọkọ̀, nítorí pé ó máa ń le, ó sì ń farada ooru. Ohun tí wọ́n ń lò nínú bíréèkì ọkọ̀ ni ọmọdé ń fi eyín fọ́!

Nítorí náà, ẹ má ṣe yan án nínú ilé tàbí níbi tí atẹ́gùn kò ti fẹ́ dáadáa. Bí ooru bá kàn án, òróró náà máa ń ta jáde, ó máa ń gbiná, èéfín rẹ̀ sì máa ń ta ojú. Àwọn tó ń ṣe é fún títà máa ń fi ooru omi sè é tàbí kí wọ́n yan án kí wọ́n tó la èèpo rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ “tútù” sí lára àpò ọ̀rá tí wọ́n fi ń tà á pàápàá ti rí ooru kí ó tó kúrò nínú èèpo. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa là á, ìbọ̀wọ́ onírọ́bà ṣe pàtàkì, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti dúdú.

Ará-Òkè-Òkun

Níbi tí mo ń gbé ní Amẹ́ríkà, poison ivy ni olórí ìṣòro wa, ọ̀rọ̀ sumac sì máa ń da àwọn ènìyàn rú nítorí orúkọ. Sumac tí kò léwu, èso rẹ̀ pupa, ó ní irun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lára, ó sì máa ń dúró gangan lórí ẹ̀ka bí àtùpà. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, etí ewé ní eyín bí ayùn. Poison sumac, inú irà ló máa ń hù sí, èso rẹ̀ funfun tàbí eérú, ó máa ń dorí kodò, ewé kéékèèké 7 sí 13 ló máa ń wà lórí ọ̀pá kan, etí wọn kò sì ní eyín. Poison ivy ní tirẹ̀, ewé mẹ́ta ló máa ń wà papọ̀, èyí tó wà ní àárín ní ọrùn gígùn ju àwọn méjì tó kù lọ. Ewé rẹ̀ máa ń pọ́n kí ó tó wọ́wé, ẹwà ìgbà náà sì ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn láti já a lọ sílé.

Ọgbọ́n kan wà tí mo fẹ́ràn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi bébà funfun tó nípọn mú ewé tí ẹ ń fura sí, kí ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́ títí oje rẹ̀ yóò fi yọ sára bébà. Ẹ ju ewé náà nù, kí ẹ gbé bébà síbi tí afẹ́fẹ́ wà. Bí ó bá jẹ́ urushiol ló wà níbẹ̀, ẹ ó rí i tí àbàwọ́n náà á kúrò ní àwọ̀ ewé, á rí rúsúrúsú, á sì dúdú láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí kò bá dúdú, ẹ má tìtorí ìyẹn fi fọwọ́ pa ara, nítorí oje lè má pọ̀ tó.

Ìbéèrè kan tí wọ́n máa ń bi mí: ṣé kí ènìyàn máa jẹ ewé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ara lè mọ̀ ọ́n? Rárá o. Àwọn tó dán an wò ti rí i nínú ẹnu, nínú ọ̀fun, àti ní ọ̀nà ibi tí oúnjẹ ń gbà jáde.

Ìyá Ọmọ-Kan

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da èyí pọ̀ mọ́ ti ọmọ mi. Kò sí oje tó kan òun. Ọmọ inú kóró kajú tí wọ́n ti yan tán ló jẹ, ẹyọ kan ṣoṣo, kò sì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ara rẹ̀ fi lé, tó ń bì, tí ohùn rẹ̀ sì yí padà. Dókítà ṣàlàyé pé purotéènì inú kóró ni ara rẹ̀ kọ̀, òróró èèpo kò sí níbẹ̀ rárá, pé èyí máa ń yára, ó sì lè pa ènìyàn. Ó ní kí a yẹra fún pistachio pẹ̀lú, nítorí pé purotéènì àwọn méjèèjì jọra gan-an, ẹni tí ọ̀kan bá ń bá jà, èkejì sábà máa ń bá a jà. Ó kìlọ̀ fún wa nípa ata pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń dà mọ́ ata dúdú nínú ìgò, tí kì í tilẹ̀ í ṣe ata. Èso igi Schinus ni, òun náà sì jẹ́ ọmọ ìdílé yìí. Máńgòrò kò ṣe ọmọ mi ní nǹkan kan. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, kí ó má dúró de ọjọ́ kejì: abẹ́rẹ́ adrenaline, èyí tí a ń fún ẹni tí ara rẹ̀ kọ nǹkan lójijì, ni, bí ó bá wà nílé, kí a sì máa sáré lọ sí ilé ìwòsàn.

Onígi-Àgbà

Ẹ ṣé tí ẹ ya méjèèjì sọ́tọ̀, Ìyá Ọmọ-Kan. Nítorí náà, ìdáhùn sí ìbéèrè Alágbàlá nípa jíjẹ ni pé, bí ó bá jẹ́ awọ ara nìkan ló ń dà á láàmú, ẹran ara máńgòrò kì í sábà ṣe nǹkan kan; èèpo àti oje ìdí èso ni ó yẹ kí ó sá fún. Ẹ fọ máńgòrò náà kí ẹ tó gbé e sórí àwo, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bó o, kí ẹ má sì fi eyín ya èèpo tàbí kí ẹ máa họ ọ́ jẹ. Ẹni tó bá ń ká a lórí igi, kí ó gé e pẹ̀lú ọrùn tó gùn díẹ̀, kó wá gé ọrùn náà kúrò nílẹ̀ kí ó sì dorí èso kodò, kí oje lè kán tán síbòmíràn. Ó ń dáàbò bo èso náà pẹ̀lú, nítorí oje yìí kan náà ló ń sun èèpo máńgòrò tí a fi ń rí àwọn ìlà dúdú lára rẹ̀.

Alágbàlá

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìyá Nọ́ọ̀sì, ìbéèrè yín nípa ọwọ́ òsì kò jẹ́ kí n sùn. Ọwọ́ òsì ni mo fi di ẹ̀ka mú nígbà tí mò ń fi ọ̀tún fa ayùn, aago sì wà lọ́rùn ọwọ́ mi. Nígbà tí ara ń yún mi, mo bọ́ ọ sínú dúrọ́ọ̀, nígbà tí ara yá, mo tún gbé e wọ̀. Mo yí okùn rẹ̀ sódì lónìí. Ní abẹ́ ibi tí ìdè rẹ̀ wà, àbàwọ́n dúdú kan wà níbẹ̀ tó tóbi tó èékánná ọmọdé, tí mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ìdọ̀tí lásán ni.

Ìyá Nọ́ọ̀sì

Òun nìyẹn. Òróró náà kì í fẹ́ lọ bí omi. Ti urushiol lè wà lára irinṣẹ́ fún ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí yóò ṣì máa ṣiṣẹ́. Bí okùn aago náà bá jẹ́ awọ ẹran, ẹ sọ ọ́ nù, kò ṣeé fọ̀ dé inú. Bí ó bá jẹ́ rọ́bà tàbí irin, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi ọtí spirit nù ún, kí ẹ tún fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Èèkù ayùn náà ńkọ́? Bàtà ńkọ́? Ṣé ẹ ti fọ aṣọ ọjọ́ náà lọ́tọ̀?

Alágbàlá

Aṣọ ti di fífọ̀, àmọ́ mo pa á pọ̀ mọ́ ti àwọn ará ilé. Màá tún un fọ̀, lọ́tọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Okùn aago jẹ́ awọ, ó ti wọ inú àpò ìdọ̀tí. Ayùn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé mo yá aládùúgbò mi ní ọjọ́ Àìkú. Mo ń lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ báyìí kí ó tó fi ọwọ́ kan ojú.